Ìwé Àkọsílẹ̀ Tí Kò Sọ Òótọ́: Ìtàn Omi Ẹ̀rọ Ìlú Walkerton ní Kánádà, 1978–2000

Ìfáárà

Nínú gbogbo ìwé tí òpìtàn ń kà, èyí tí ó máa ń fọkàn tán jù ni ìwé tí ẹnì kan kọ nítorí pé iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni láti kọ ọ́. Bí àgbàlagbà kan bá kọ ìwé nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, a óò fura sí i. Bí ajẹ́lẹ̀ bá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, a óò bi ara wa léèrè ohun tí ó ń wá. Ṣùgbọ́n ìwé tí akọ̀wé fi ń ka iye àpò kòkó tí wọ́n wọ̀n lóòjọ́, tàbí èyí tí olùtọ́jú ẹ̀rọ fi ń kọ iye omi tí ẹ̀rọ rẹ̀ fà, a kì í sábàá fura sí i. A gbà pé ẹni náà kò ní ohun kan tí yóò rí jẹ nínú irọ́, àti pé iṣẹ́ tí ó sú ènìyàn báyìí kò lè ní ẹ̀tàn nínú.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú pépà yìí ni láti fi ìtàn omi ẹ̀rọ ìlú kékeré kan dán ìgbàgbọ́ yìí wò. Walkerton ni orúkọ ìlú náà, ó wà ní ìpínlẹ̀ Ontario ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2000, ènìyàn méje kú níbẹ̀, nǹkan bí 2,300 sì ṣàìsàn, lẹ́yìn tí wọ́n mu omi tí ó ti ẹnu ẹ̀rọ ìlú jáde. Iye gbogbo ará ìlú náà kò pé 5,000. Èyí já sí pé nínú ilé tí ó kù tí àìsàn kò wọ̀, ènìyàn ní láti ka ìka rẹ̀ dáadáa kí ó tó rí i.

Orí ìjábọ̀ Adájọ́ Dennis O'Connor, ẹni tí ìjọba Ontario yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi kà. Apá kìíní ìjábọ̀ náà jáde ní oṣù kìíní ọdún 2002, apá kejì sì tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Ọ̀nà tí mo gbà kà á nìkan ni ó jẹ́ tèmi. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti sọ ìtàn yìí ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀, bí ẹni pé láti ojú ọ̀run ni àjálù náà ti já bọ́. Èmi gbà pé ọdún 1978 ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ohun tí ó yẹ kí a tẹjú mọ́ jù lọ nínú rẹ̀ kì í ṣe òjò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe màlúù, bí kò ṣe ìwé pélébé kan tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lójoojúmọ́ nínú ilé ẹ̀rọ omi.

Ìlú náà àti kànga karùn-ún

Etí odò Saugeen ni Walkerton wà, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Toronto, ní ìwọ̀n kìlómítà tí kò pé 200. Ìlú àgbẹ̀ ni. Àwọn ará agbègbè náà ń sin màlúù, wọ́n sì ń gbin ọkà. Omi tí wọ́n ń mu kì í ṣe ti odò. Láti inú kànga jíjìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ni wọ́n ti ń fà á, ìgbìmọ̀ kan tí ìlú gbé kalẹ̀ ni ó sì ń bójú tó o pọ̀ mọ́ iná mànàmáná. Nígbà tí àjálù náà ṣẹlẹ̀, kànga mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́: ìkarùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje.

Kànga karùn-ún ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ọdún 1978 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ní ẹ̀bá ìlú, níbi tí kò jìnnà sí oko. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ní àléébù. Páìpù tí wọ́n fi dí ara rẹ̀ kí omi òkè má baà ṣàn wọ inú rẹ̀ kò ju mítà 5 lọ sísàlẹ̀, àárín mítà 5 sí mítà 8 péré sì ni gbogbo omi rẹ̀ ti ń wọlé. Erùpẹ̀ tí ó bo orí àpáta níbẹ̀ kò nípọn, àpáta náà fúnra rẹ̀ sì ti sán káàkiri. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn tí ń gbẹ́ kànga rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Iyanrìn àti amọ̀ ni ó máa ń sẹ́ omi òjò kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Níbi tí àpáta bá ti sán, tí ilẹ̀ orí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, omi kò ní ibi tí yóò ti di sísẹ́. Ohunkóhun tí ó bá wà lórí ilẹ̀ ni yóò bá a wọlé.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń dán kànga náà wò ní ọdún 1978, omi rẹ̀ fi àmì ìdọ̀tí hàn. Ògbóǹtarìgì tí ó yẹ̀ ẹ́ wò gba ìlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n wá bí ilẹ̀ tí ó yí i ká yóò ṣe bọ́ sí ìkáwọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí ẹnikẹ́ni yóò máa ṣe lórí rẹ̀. Ìlú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba fọwọ́ sí kànga náà, ìwé àṣẹ tí ó sì fún wọn kò ní ìlànà kankan nínú nípa bí wọn yóò ṣe máa ṣọ́ omi rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àṣẹ kànga tuntun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó padà lọ yẹ àwọn àtijọ́ wò. Ní ọdún 1994, ó di ìlànà pé kànga tí omi orí ilẹ̀ bá ń wọ inú rẹ̀ ní láti ní ẹ̀rọ tí yóò máa wọn kílórínì àti ìdàrúdàpọ̀ omi láìdáwọ́ dúró. Kànga karùn-ún yẹ fún un ju ọ̀pọ̀ lọ. Kò sì sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀.

Nípa báyìí, ní ọdún 2000, kànga tí gbogbo ènìyàn tí ó yẹ kí ó mọ̀ ti mọ̀ pé ó ní àléébù ni ó ń fún ìlú ní omi. Ohun kan ṣoṣo ni ó wà láàrin rẹ̀ àti ẹnu àwọn ọmọdé: kílórínì.

Iṣẹ́ kílórínì

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí kílórínì ti ń ṣiṣẹ́ kò lè mọ ìdí tí irọ́ inú ìwé náà fi burú tó bẹ́ẹ̀.

A kì í kàn da kílórínì sínú omi kí a sì máa bá tiwa lọ. Bí ó bá ti wọ inú omi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí bá ohun tí ó bá níbẹ̀ jà: kòkòrò àìfojúrí, ẹrẹ̀, ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹranko. Bí ó ti ń pa wọ́n ni òun náà ń tán. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìjà náà ni à ń wọ̀n. Ìlànà tí ó wà ní Ontario nígbà náà sọ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kílórínì àṣẹ́kù inú omi kò gbọdọ̀ dín sí mìlígíráàmù 0.5 nínú lítà kan. Bí a bá ń da iye kílórínì kan náà sínú omi lójoojúmọ́, tí àṣẹ́kù rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójijì, ohun kan ti wọ inú omi náà tí ó ń jẹ ẹ́. Bí ìyàwó ilé bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, tí ó ti ẹ̀yìnkùlé dé tí ó bá àwo lófìfo, kò dìgbà tí ó bá rí ẹni tí ó jẹ ẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ẹnì kan wọlé.

Ìdí nìyí tí iye tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Àyẹ̀wò kòkòrò ní yàrá àyẹ̀wò máa ń gba ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èsì rẹ̀ tó jáde. Nígbà náà, àwọn ènìyàn ti mu omi náà. Àyẹ̀wò kílórínì kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ibi ẹnu kànga ni a sì ti ń ṣe é. Òun nìkan ni ajá tí ó lè gbó kí olè tó wọlé.

Ìwé ojoojúmọ́

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni àwọn méjì tí iṣẹ́ omi náà wà lọ́wọ́ wọn. Stan Koebel, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1972, ó sì di ọ̀gá ní ọdún 1988. Ọdún 1975 ni àbúrò rẹ̀, Frank Koebel, wọlé. Kò sí èyí tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan fún iṣẹ́ omi nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo olùtọ́jú omi gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n fún wọn ní tiwọn nítorí ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́, láìṣe ìdánwò.

Nínú ìwé ojoojúmọ́ tí wọ́n ń kọ fún kànga kọ̀ọ̀kan, ààyè wà fún iye omi tí a fà, iye kílórínì tí a lò, àti kílórínì àṣẹ́kù. Bí a bá wo ààyè ìkẹyìn yìí láti ọdún dé ọdún, iye méjì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí a óò rí níbẹ̀: 0.5 àti 0.75. Ní ìgbà òjò, 0.5 tàbí 0.75. Ní ìgbà òtútù tí yìnyín bo ilẹ̀, 0.5 tàbí 0.75. Omi tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wọ̀n ní tòótọ́ a máa lọ sókè, a máa wá sílẹ̀, a sì máa yà wá lẹ́nu nígbà mìíràn. Ìwádìí fi hàn pé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọn kì í wọn kílórínì náà rárá. Wọ́n kàn ń kọ iye tí ó yẹ kí ó jẹ́ sílẹ̀ ni. Bákan náà ni wọ́n máa ń bu omi àyẹ̀wò níbi tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí wọn yóò sì kọ orúkọ ibòmíràn sí ara ìgò rẹ̀.

Èéṣe? Bí ó bá jẹ́ pé nítorí owó ni, ìbá yé wa kíákíá. Ṣùgbọ́n wọn kò rí kọ́bọ̀ kan jẹ nínú rẹ̀. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé omi Walkerton mọ́ láti inú ilẹ̀ wá. Àwọn fúnra wọn a máa bu ú mu ní ẹnu kànga kí kílórínì tó kàn án. Àwọn ará ìlú sì máa ń ráhùn bí òórùn kílórínì bá pọ̀ nínú omi wọn. Bí olùtọ́jú omi bá dín in kù, ọ̀rọ̀ ìlú ni ó gbọ́. Lójú tiwọn, òfin ìjọba jẹ́ àṣejù àwọn ará Toronto, ìwé ojoojúmọ́ sì jẹ́ ohun tí a fi ń tẹ́ àwọn ará Toronto lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà náà ti wà kí Stan tó di ọ̀gá; ó bá a nílẹ̀ ni.

Mo rò pé ibí yìí ni ó yẹ kí òpìtàn ti dẹ́kun àròjinlẹ̀ nípa ìwà búburú, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa àṣà. Irọ́ tí ẹnì kan pa lẹ́ẹ̀kan nítorí ìbẹ̀rù yàtọ̀ sí irọ́ tí ó ti di apá kan iṣẹ́. Èkejì kò ní ìtìjú nínú mọ́. Ẹni tí ń pa á kò tilẹ̀ kà á sí irọ́. Ó kà á sí bí a ti ń kọ ìwé.

Àwọn tí àwa ìbá pè ní wolé-wolé wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àyíká ní ọdún 1991, 1995 àti 1998. Ní ìgbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, wọ́n ṣàkíyèsí pé a ti ń rí E. coli nínú omi ìlú, àti pé kílórínì kò tó. Wọ́n sọ fún Stan Koebel, ó ní òun yóò ṣe àtúnṣe, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọn kò pàṣẹ tí òfin yóò dúró tì, wọn kò sì padà wá wò ó. Ìdájọ́ Adájọ́ O'Connor ni pé bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ, ó yẹ kí wọ́n ti rí ohun tí ń lọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò gba ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ kí ènìyàn tó fura sí ìwé tí iye méjì péré ń padà wá nínú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ọjọ́ mọ́kànlá

Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún 2000 ń parí lọ, àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí kànga karùn-ún fọ́n ìgbẹ́ màlúù sórí ilẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ó ṣe é bí ó ti tọ́ kí àgbẹ̀ rere ṣe é, ìwádìí sì dá a láre pátápátá. Láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, òjò rọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 134, ọjọ́ 12 sì ni ó pọ̀ jù. Òjò náà fọ ìgbẹ́ wọ inú kànga. Kòkòrò méjì ni ó gbé wọlé, E. coli O157:H7 àti Campylobacter jejuni. Èyí àkọ́kọ́ ni ó burú jù. Ọdún 1982 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń ṣe ènìyàn ní ibi; a máa fa ìgbẹ́ ọ̀rìn ẹlẹ́jẹ̀, nínú àwọn ọmọdé àti àgbàlagbà, oró rẹ̀ sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ní ọjọ́ 13, tí í ṣe Sátidé, Frank Koebel lọ bẹ kànga karùn-ún wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ìrìn àjò nígbà náà. Ní wákàtí yẹn, bí a bá wọn kílórínì àṣẹ́kù, ìgbẹ́ ti jẹ ẹ́ tán tàbí ó kù díẹ̀ kí ó tán. Ìwé ọjọ́ náà sọ pé 0.75 ni. Bákan náà ni wọn kò wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ 14, tàbí ní ọjọ́ 15.

Ní ọjọ́ 15, Stan Koebel ti padà dé. Ó tan kànga keje, ó sì jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 19 láìsí ẹ̀rọ tí ń fún un ní kílórínì rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ti rà fún un láti òpin ọdún 1998 ṣì wà nílẹ̀ tí a kò tíì gbé e kalẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bu omi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò aládàáni kan. Ní ọjọ́ 17, èsì dé orí ẹ̀rọ fáàsì rẹ̀: E. coli wà nínú omi ìlú. Ilé àyẹ̀wò náà kò sọ fún ẹlòmíràn. Títí di ọdún 1996, yàrá àyẹ̀wò ti ìjọba ni ó máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ìlú. Nígbà tí ìjọba jáwọ́ níbẹ̀, tí ó fi í lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, kò ṣe òfin tí ó ní kí wọ́n sọ èsì búburú fún ọ́fíìsì ìlera. Lójú ilé àyẹ̀wò náà, ọ̀rọ̀ àárín òun àti oníbàárà rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 18, ogún ọmọ kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan, ọmọ méjì sì ti wà ní ilé ìwòsàn ní ìlú Owen Sound. Dókítà ọmọdé tí ó ń tọ́jú wọn ni ó kọ́kọ́ fura. Ní ọjọ́ 19, ó pe ọ́fíìsì ìlera agbègbè náà. Ọ́fíìsì ìlera pe Stan Koebel, wọ́n bi í bóyá omi ìlú ní ohun kan tí ó ń ṣe é. Èsì ilé àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ó ní òun rò pé omi náà dára. Ní ọjọ́ náà gan-an, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí da kílórínì púpọ̀ sínú páìpù, ó ń ṣí omi dànù, ó ń fọ gbogbo rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n tún pè é ní ọjọ́ 20, ó tún fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ ni kò lè gbé e mì, tí ó pe ilé-iṣẹ́ ìjọba lórí tẹlifóònù láìdárúkọ ara rẹ̀, tí ó ní kí wọ́n lọ wo èsì àyẹ̀wò omi Walkerton.

Nítorí pé wọ́n sọ pé omi dára, àwọn dókítà ń wá okùnfà àrùn náà nínú oúnjẹ. Àwọn ẹlòmíràn sì ń gba àwọn tí ń ṣu ní ìmọ̀ràn tí gbogbo ìyá ń gba ọmọ rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀: kí wọ́n mu omi púpọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 21, Dókítà Murray McQuigge, tí í ṣe olórí ọ́fíìsì ìlera náà, kò dúró de Stan Koebel mọ́. Ó kéde lórí rédíò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó ti sè é. Kò tó ìdajì àwọn ará ìlú tí ó gbọ́ ìkéde náà ní ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 22, ẹni àkọ́kọ́ kú. Ní ọjọ́ 23, àyẹ̀wò tí ọ́fíìsì ìlera ṣe fúnra rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé omi ni.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní àárín ọjọ́ wọ̀nyí tí ó kan iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí òpìtàn. Nígbà tí ìjọba bèèrè ìwé wọn, Stan Koebel ní kí àbúrò rẹ̀ tún ìwé kànga keje kọ, kí ó má baà hàn pé kànga náà ṣiṣẹ́ láìsí kílórínì. Frank sì jókòó, ó kọ tuntun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti ń kọ irọ́ sínú ìwé láìbìkítà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bìkítà ni ìgbà tí òótọ́ kan ṣèèṣì wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá padà lọ tún ìwé kan kọ, ibi tí ó tún kọ ni ó ń fi ibi tí ó ń dùn ún hàn wá.

Ẹ̀bi

Ní ọdún 2004, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà gbà níwájú ilé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Stan Koebel gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Wọ́n ní kí Frank wà ní àhámọ́ nínú ilé ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ìjìyà náà kéré jù fún ẹ̀mí méje. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ní ẹni tí kò tóbi ni wọ́n fi jófin, àti pé ìjọba Ontario, tí ó ti gé owó ilé-iṣẹ́ àyíká kù ní ohun tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là láàrin ọdún díẹ̀, tí ó sì dín òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù ní ohun tí ó lé ní 750, ni ó yẹ kí ó wà nínú àpótí ẹ̀sùn. Olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà, Mike Harris, wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ọdún 2001.

N kò fẹ́ pín ẹ̀bi bí ẹni ń pín ẹran. Ohun tí ó wù mí nínú ìjábọ̀ Adájọ́ O'Connor ni pé ó wọn ohun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Irọ́ orí tẹlifóònù tí Stan Koebel pa ní ọjọ́ 19 ni ó bí àwọn ènìyàn nínú jù, òun náà ni àwọn oníwèé ìròyìn kọ nípa rẹ̀ jù. Adájọ́ ṣírò rẹ̀: bí ó bá sọ òótọ́ ní ọjọ́ náà, nǹkan bí 300 sí 400 ènìyàn ni ìbá má ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kò dájú pé ẹnì kankan nínú àwọn tí ó kú ìbá yè. Wọ́n ti mu omi wọn tán. Bí wọ́n bá ti wọn kílórínì ní ọjọ́ 13 dípò kí wọ́n kọ 0.75, ìjàǹbá náà ìbá dín kù gidigidi. Bí ẹ̀rọ tí ìlànà ọdún 1994 sọ bá sì ti wà ní ẹnu kànga, ìbá ti dá omi dúró fúnra rẹ̀, ìjàǹbá kankan ìbá má sì ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí èyí ti tò. Irọ́ tí ó tóbi jù lójú wa ni ó pa ènìyàn lára kéré jù. Irọ́ kékeré, tí ẹnikẹ́ni kì bá tí ka ẹni tí ó pa á sí òpùrọ́, ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù ú lọ. Àìbèèrè ẹ̀rọ kan ní Toronto, tí kì í tilẹ̀ ṣe irọ́ rárá, ni ó sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé mo ń gbèjà àwọn Koebel ni. Rárá o. Ẹni tí ó ní èsì àyẹ̀wò lọ́wọ́ tí ó sọ pé omi dára nígbà tí àwọn ọmọdé ń ṣu ẹ̀jẹ̀ ní ohun tí yóò jíhìn fún. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá sọ ìtàn náà bí ìtàn ènìyàn burúkú méjì, a ó pa ìbéèrè nípa kànga ọdún 1978 tì, àwọn ìlú mìíràn tí irú kànga bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ yóò sì máa sùn.

Ìjọba Ontario kò sùn lẹ́yìn náà, a ní láti jẹ́rìí sí èyí. Oṣù kẹjọ ọdún 2000 ni òfin tuntun àkọ́kọ́ jáde, èyí tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí ilé àyẹ̀wò máa kéde èsì búburú. Òfin Omi Mímu Tí Kò Léwu tẹ̀ lé e ní ọdún 2002, òfin tí ó dáàbò bo ilẹ̀ tí ó yí orísun omi ká, ohun tí ògbóǹtarìgì ọdún 1978 bèèrè, sì jáde ní ọdún 2006. Ní ọdún 2004, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú omi ní Walkerton gan-an. Wọ́n san owó gbà-má-bínú, ó kéré tán 2,000 dọ́là, fún olúkúlùkù àwọn ará ìlú. Ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2000 ni wọ́n tó ní kí ìlú máa mu omi ẹ̀rọ láìsè, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àti ààbọ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìlera àwọn tí ó yè rí i, ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, pé inú rírun kò fi àwọn kan sílẹ̀, àti pé ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàrin àwọn tí àìsàn náà mú gidi ju àwọn tí kò mú lọ.

Ní ti ìwé ojoojúmọ́ náà, àwọn ojú ìwé rẹ̀ wà lára ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ ìwádìí gbà wọlé. Bí wọ́n ti kọ wọ́n sílẹ̀ ni wọ́n ṣì wà: ọjọ́, iye omi, 0.75.